Ègé Igi 54: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nídìí Ẹ̀bùn Kan Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ to ègé igi 54 léra wọn lórí tábìlì mi, inú mi dùn gan-an, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo di ojú kan tí mo sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ilé gogoro tí mo ti ń yangàn lé lórí rí págunpàgun bí eyín ayùn. Orí àwọn ègé ipele kan yọ síta, ti ipele tí ó wà lórí rẹ̀ wọnú, èyí tí ó tún tẹ̀lé e yọ síta, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ títí dé òkè. Mo fi ìka kan ṣoṣo kàn án, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀ gbàà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti lò lórí iṣẹ́ náà nígbà yẹn.

Eré tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. A ó to ègé igi mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó gbé mẹ́ta mìíràn dábùú wọn, a ó sì máa tò ó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di ipele 18. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ń ṣeré yóò máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo yọ ègé kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, tí wọn yóò sì máa gbé e lé orí, tí ilé náà yóò máa ga sí i, tí inú rẹ̀ yóò sì máa ṣófo sí i, títí ọwọ́ ẹnìkan yóò fi wó o. Jenga ni orúkọ èyí tí wọ́n ń tà. Leslie Scott, obìnrin tí wọ́n bí ní Tànsáníà, ni ó gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1983. Láti inú eré tí ìdílé rẹ̀ ń fi ègé igi ṣe ní Gánà ni ó ti mú un, ọ̀rọ̀ Swahili tí wọ́n fi ń sọ pé kí ènìyàn kọ́ nǹkan bí ẹni ń kọ́lé ni ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ó bí ọmọ mẹ́ta: èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, èyí àárín jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyí ò mọ̀ pé àwọn jọ ń gbé inú ilé kan náà mọ́ o. Fóònù ni oníkálùkù ń wò." Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ fún mi ní oṣù méjì. Mo máa fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan kan fún wọn tí ẹnìkan ò ní lè dá ṣe." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì tọ́, nítorí ó mọ̀ pé àpótí ìjókòó kan àti pẹpẹ ìwé kan tí ó fì sí apá kan ni gbogbo ohun tí mo tíì fi igi ṣe rí.

Mo kọ́kọ́ ronú láti ṣe èyí ńlá tí àwọn ènìyàn máa ń tò sí ìta gbangba. Pákó tú-báì-fọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Bí wọ́n bá ti fá pákó náà dán, ìbú rẹ̀ a máa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.9, ìnípọn rẹ̀ a sì jẹ́ 3.8, nítorí náà ègé kọ̀ọ̀kan yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 26.7, ilé náà yóò sì ga tó 68 kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìṣirò yẹn wù mí títí mo fi ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n: ègé 54 bẹ́ẹ̀ yóò ju kìlógíráàmù 20 lọ. Mo rántí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún tí yóò dúró sí tòsí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wó, mo sì pa èrò náà tì.

Ìwọ̀n tí mo wá mú ni ti èyí tí a ń gbé sórí tábìlì: gígùn ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, ìbú rẹ̀ 2.5, ìnípọn rẹ̀ 1.5. Ẹni tí ó bá wo iye wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé gígùn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìbú, ó sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìnípọn. Ìlọ́po márùn-ún yẹn kò pọn dandan. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ègé rẹ̀ nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé rẹ̀ yóò kàn ga ju sẹ̀ǹtímítà 27 lọ ni. Ìlọ́po mẹ́ta ni òfin. Bí ègé mẹ́ta tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò bá fẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn ègé kan gẹ́lẹ́, kò sí bí ipele kan yóò ṣe bá èkejì dọ́gba. Mo ka èyí, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú.

Igi àrẹ̀rẹ̀ ni mo rà, nítorí pé ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ayùn, kì í sì í fi ìyà jẹ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Wọ́n bá mi là á sí ọ̀pá gbọọrọ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240. Ègé 54 lọ́nà 7.5 jẹ́ 405, ṣùgbọ́n ayùn náà ní ìpín tirẹ̀ nínú igi: èyí tí mo lò ń jẹ tó mìlímítà 3 nígbàkúùgbà tí ó bá gé e, tí ó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 7.8 ni ègé kọ̀ọ̀kan ń gbà lára ọ̀pá. Mo rí 30 gé lára ọ̀pá kìn-ín-ní, mo tún rí 30 gé lára èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ṣe irú nǹkan báyìí máa ń ra igi tí ó tó 405 gẹ́lẹ́, wọn a sì wá máa yanu nígbà tí ègé mẹ́ta bá dín. Ní ti èmi, ìṣirò kọ́ ni ó dà mí, bí kò ṣe pé ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi rúlà wọn gígùn ègé kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà, mo gé e. Lẹ́yìn tí mo gé gbogbo wọn tán ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà ha wọ́n, nọ́ńbà 80 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 120, ní ìparí 220, títí ojú wọn fi jọ̀lọ̀ tí kò sí ibi tí ọwọ́ ti ń kọ́ mọ́.

Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, tí ó máa ń yá mi ní ẹ̀rọ ayùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó là mí lójú. Mo kó ègé igi mi sínú àpò, mo lọ bá a, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí mo ti ṣì í." Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n tò ó fún òun rí. Ó mú ègé mẹ́ta, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìkẹrin dábùú orí wọn, ó sì fi èékánná tọ́ ibi tí orí ìkẹrin náà ti yọ síta.

"Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà méje àbọ̀ ni kí o gé e sí?"

"Ó wà nínú ohun tí mo kà ni, Bàbá."

"Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló bá ẹ fi sáńpépà ha igi. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí o bi, wọ́n á sọ gígùn fún ẹ."

Nígbà tí mo wọn ègé kan níṣojú rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò ju 2.43 lọ. Sáńpépà ti jẹ ìyókù. Ìlọ́po mẹ́ta 2.43 jẹ́ 7.29, bẹ́ẹ̀ sì ni gígùn wà ní 7.5 rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni mo ha, n kò ha orí. Mìlímítà méjì péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ipele 18 ni ó ń pín in jẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ètò iṣẹ́ padà: ọ̀pá gbọọrọ ni mo ń kọ́kọ́ fá tí mo sì ń ha títí iṣẹ́ yóò fi tán lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni n ó gé ègé kúkúrú mẹ́ta láti orí rẹ̀, n ó fún wọn pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n ó sì wọn ìbú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Iyekíye tí mo bá rí níbẹ̀ ni gígùn, ì báà jẹ́ 7.5, ì báà má jẹ́ ẹ. Mo sì jáwọ́ nínú fífi pẹ́ńsù fa ìlà, nítorí pé ìlà náà fúnra rẹ̀ ní ìbú, ènìyàn a gé e sí apá ọ̀tún rẹ̀ lónìí, a sì gé e sí apá òsì lọ́la. Mo kan ègé igi kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ayùn gẹ́gẹ́ bí ìdènà. Mo ń ti ọ̀pá náà títí orí rẹ̀ yóò fi lọ kọ lu ìdènà yẹn, mo sì ń gé e. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ègé 54. Ohun kan tí ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ níbẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú igi tí ó máa ń kó jọ síwájú ìdènà náà, nítorí pé bí a kò bá gbá a kúrò lẹ́yìn ègé márùn-ún mẹ́fà, àwọn tí ó kù yóò máa kúrú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀.

Mo tún àwọn ègé àrẹ̀rẹ̀ náà gé sí 7.29, ilé náà sì dúró ṣánṣán. Mo kó wọn sínú àpò, mo so ó, mo sì gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Nígbà tí mo tún tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ègé bíi mẹ́jọ ti tẹ̀ bí ọrun, èyí tí ó sì yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ilé náà ti padà di eyín ayùn, pẹ̀lú pé n kò fi nǹkan kan kàn án. Igi tutù ni mo rà. Igi tutù a máa súnkì bí ó bá ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n kì í súnkì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà: ní ọ̀nà tí ìlà inú rẹ̀ gbà lọ, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá, àmọ́ bí a bá dábùú ìlà náà, ìyàtọ̀ á hàn sójú. Ìtumọ̀ èyí nínú iṣẹ́ tiwa ni pé ìbú àti ìnípọn ń dín kù nígbà tí gígùn jókòó sí àyè rẹ̀, tí òfin ìlọ́po mẹ́ta náà sì ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ nínú àpò tí a dì. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ara igi ni ó ń súnkì lọ́gbọọgba ni, ègé mi ì bá kàn kéré sí i ni, eré náà ì bá sì máa lọ. N kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé igi gbígbẹ wúlò kìkì kí pákó má baà tẹ̀.

Àrẹ̀rẹ̀ náà tún ní àléébù kan tí kò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ omi. Ó rọ̀ jù. Nígbàkúùgbà tí ilé bá wó, igun àwọn ègé kan a tẹ̀ wọnú, àpá a sì wà lára wọn, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn eré mẹ́wàá, ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò ti dá ègé tí ó dẹ̀, èyí tí ó rọrùn láti yọ, mọ̀ nípa àpá ara rẹ̀.

Bàbá náà ni ó fún mi ní igi kejì. Férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ni, ìrókò pọ́ńbélé, tí wọ́n yọ lára ilé kan tí wọ́n ń tún ṣe, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì ti gbẹ kanrinkan. Ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó dún kan-kan. Ó ní, "Èyí ti súnkì dé ibi tó fẹ́ súnkì dé." Mo fi ìfági fá ojú rẹ̀ tí ó ti dúdú kúrò, igi tí ó wà nísàlẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìrókò a máa rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Ìmọ́lẹ̀ ni ó máa ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Igi àtijọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Mo yọ gbogbo ìṣó tí ojú mi rí lára férémù náà, mo sì gbà pé ó tán. Ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ ti gé, tí ìyókù rẹ̀ sì rì sínú igi; ẹ̀rọ ayùn lọ bá a pàdé, iná ṣẹ́ yọ, eyín ayùn méjì sì fò dànù. Èmi ni mo san owó ayùn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí Bàbá fi hàn mí lẹ́yìn èyí kò ná mi ní nǹkan kan: ènìyàn yóò so òòfà kékeré kan mọ́ òwú, yóò máa rọra wọ́ ọ kọjá lókè igi náà láì jẹ́ kí ó fara kàn án, ibi tí òòfà náà bá sì ti yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tí ó ta mọ́ igi, ìṣó wà níbẹ̀. Mo rí mẹ́ta sí i lọ́nà yìí. Ìrókò tún máa ń ní ohun funfun kan tí ó le bí òkúta nínú nígbà mìíràn, èyí tí òòfà kò lè mú, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń gé e má ṣe kánjú ti igi. Eruku rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe eruku eré. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo ha á láìlo ìbòmú, mo sín títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú ń yún mi, ọrùn mi sì sú pọ́npọ́n. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń lo ìbòmú àti awò ojú, tí mo sì ń fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá kí n tó wọlé.

Mo gé ègé 66 lára rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ọ̀pá ti dán kí n tó gé e, àwọn mẹ́ta ni mo bi léèrè gígùn, ìdènà kò sì yẹ̀. Mo to 54, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó dúró bí ògiri. Mo pe ọkọ mi kí ó wá bá mi dán an wò.

Ó fi ìka ti ègé kan ní ìsàlẹ̀, kò mì. Ó ti òmíràn, gbogbo ilé náà ni ó fẹ́ tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Ó gbìyànjú ti àárín, ó gbìyànjú ti ẹ̀gbẹ́, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó wá fi agbára fa ọ̀kan, ilé wó. Èmi náà fà, ó wó. A ṣe é ní ìgbà mẹ́fà, kò sí èyí tí a ti yọ ju ègé mẹ́rin lọ. Ọkọ mi ní, "Ó lẹ́wà o. Ṣùgbọ́n ṣé ògiri ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣeré?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń bínú sí i kí n tó rí ìdí rẹ̀. Bí ìnípọn ègé mẹ́ta tí ó wà ní ipele kan bá dọ́gba pátápátá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jọ ń gbé ẹrù gbogbo ohun tí ó wà lókè wọn. Kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìgbà tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ tín-ín-rín ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ẹrù yóò bọ́ kúrò lórí rẹ̀, tí yóò sì wà níbẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan, tí ìka kan ṣoṣo yóò sì lè tì í jáde. Eré náà gan-an ni wíwá irú ègé bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá sì ti yọ ọ̀kan kúrò, ẹrù yóò tún ara rẹ̀ pín, èyí tí ó le tẹ́lẹ̀ lè wá dẹ̀, èyí tí ó dẹ̀ lè wá le, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó lè mọ ilé náà tán. Nígbà tí mo padà yẹ èyí tí wọ́n ń tà wò, mo rí i pé àwọn tí ó ń ṣe é ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyàtọ̀ bíńtín sílẹ̀ láàárín ègé kan àti èkejì. Èmi ti lo oṣù kan àti ààbọ̀ láti lé ìyàtọ̀ yẹn jáde kúrò nínú igi mi.

Dídá a padà gba sùúrù ju lílé e jáde lọ. Mo tẹ́ sáńpépà nọ́ńbà 220 sórí gíláàsì kan tí ó tẹ́jú dáadáa, mo ṣa ègé 22, mo sì ń fi ojú kan ṣoṣo lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́ ilẹ̀ lórí rẹ̀: àwọn kan ní ìgbà mẹ́wàá, àwọn kan ní ogún, àwọn kan ní ọgbọ̀n. Bí mo ṣe ń wọn ohun tí ó kù ni pé mo ń gbé ègé tí mo ha sí àárín méjì tí n kò ha, mo ń fi rúlà irin dábùú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń gbìyànjú láti ti bébà kan gba abẹ́ rúlà náà kọjá. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé lásán nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ó bá kọjá wẹ́rẹ́, ó ti tó. Bí ó bá há díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé kò yẹ kí gbogbo wọn dẹ̀ bákan náà. Bí bébà méjì bá lè kọjá pa pọ̀, mo ti ṣe àṣejù, irú rẹ̀ yóò máa mì gbọngbọn nínú ilé, ọmọ ọdún 5 pàápàá yóò sì rí i lókèèrè.

Mo ba mẹ́rin jẹ́ nídìí rẹ̀. Ìka mi ń tẹ orí kan ju orí kejì lọ láìjẹ́ pé mo mọ̀, àwọn ègé náà sì wá tín-ín-rín ní apá kan, wọ́n nípọn ní apá kejì. Ẹ̀yà ìyàtọ̀ yìí kò wúlò fún nǹkan kan; kì í jẹ́ kí ègé dẹ̀, títẹ̀ ni ó máa ń mú kí gbogbo ilé tẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ègé náà po lẹ́yìn ìwọ́lẹ̀ márùn-márùn-ún, tí orí tí ó wà ní iwájú á bọ́ sí ẹ̀yìn, kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ègé méjì mìíràn là nígbà tí mo ń pa etí wọn rẹ́. Mẹ́fà ni ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn 54. Ní ti etí yẹn, gbogbo ègé ni mo fi sáńpépà gba etí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta péré, kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́ kí igi má sì fún un ní ẹ̀gún, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, mo rò ó títí n kò fi mọ èyí tí mo ha yàtọ̀ sí èyí tí n kò ha. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi yọ ègé 31 kí ó tó wó, ọwọ́ mi ni ó sì wó sí.

Ó wá ku ohun tí n ó fi pa á lára. Mo fẹ́ràn bí fánísì ṣe máa ń tàn, nítorí náà mo fi kun mẹ́ta lára àwọn mẹ́fà tí ó ṣẹ́ kù. Ó gbẹ, ó ń dán, ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n ní títútù mọ́. Mo tò wọ́n léra, mo gbé ìwé wíwúwo lé wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru. Nígbà tí mo fẹ́ yà wọ́n, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì dún tà nígbà tí wọ́n já. Mo ha fánísì náà kúrò. Ẹnìkan dámọ̀ràn òróró linseed fún mi, òróró tí ó dára fún igi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò bá lò ó mọ̀ pé àkísà tí a fi pa á kò ṣe é ká jọ sínú garawa ìdọ̀tí. Òróró náà a máa mú ooru jáde bí ó ti ń gbẹ, àkísà tí a ká jọ sì lè gbaná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣá iná sí i. A ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ìta títí yóò fi gbẹ, tàbí kí a rì í sínú omi. N kò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ìda oyin ni mo lò ní ìkẹyìn, díẹ̀ bí orí ìka kékeré fún ègé mẹ́ta, mo fi aṣọ mọ́mọ́ nù ún títí ó fi dà bí ẹni pé n kò fi nǹkan kan pa á. Nígbà tí mo fi púpọ̀ sí i ní ìdánwò àkọ́kọ́, àwọn ègé náà ń yọ̀ kúrò lórí ara wọn.

Àpótí rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Mo fi mìlímítà 4 kún ìbú àti gíga inú rẹ̀ kí ilé náà lè wọlé láìfipá, mo sì ṣe ìdérí rẹ̀ ní èyí tí a ń fà. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àpótí náà tún wúlò fún títo eré: bí a bá gbé e dúró ní òró tí a sì ṣí ìdérí rẹ̀, a lè to ipele 18 sínú rẹ̀ kí a sì fa àpótí sẹ́yìn, ilé náà yóò dúró láìwọ́.

Oṣù méjì tí mo tọrọ di mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí àgbà wo àpótí náà, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é lóòótọ́?" ó sì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá ẹlẹ́rìí. Àbíkẹ́yìn kò dúró gbọ́ òfin eré. Ó wó o ní ìgbà mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀, igun kankan kò sì tẹ̀ wọnú lára ìrókò náà. Èyí àárín, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé fífà kọ́ ni ọgbọ́n rẹ̀, pé kí ènìyàn fi ìka kan ègé kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó sì tẹ́tí sí èyí tí ó bá dáhùn.

Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé 53 ni ó kù, ègé kan ti wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tí mo kó àwọn mẹ́fà yẹn sí, mo mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí n kò fi fánísì kàn rí, mo sì fi ránṣẹ́. N kò rántí méjì nínú ohun tí mo ti kọ́. Ègé náà wà nínú òkùnkùn láti ìgbà tí mo ti gé e, nítorí náà pípọ́n ni ó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ mẹ́ta ti sọ àwọn yòókù di aláwọ̀ ilẹ̀. N kò sì ha á lórí gíláàsì rí, ìnípọn rẹ̀ pé, ó sì máa ń há sí ibikíbi tí wọ́n bá tò ó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti sọ ọ́ ní Àlejò, pé kò sí ẹni tí ó jẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, pé àwọn méjèèjì tí ó dàgbà tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tò ó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àbíkẹ́yìn gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní bí mo bá ń bọ̀, kí n mú sáńpépà dání.